Nígbà Mìíràn Ilẹ̀ Kì Í Tẹ́jú Lóòótọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí kò mọ ijó í jó ní í sọ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú. Òwe yìí dùn lẹ́nu, ó sì dára láti fi bá ọ̀lẹ wí. Ṣùgbọ́n òwe yìí kan náà ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbámú ní ọdún tó kọjá, tí a fi jẹ owó òṣìṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi tọrọ àyè nínú ìwé ọdọọdún wa yìí, kí n lè sọ èrò mi nípa gìtá, nípa ilé tí a ti ń ta á, àti nípa àwa tí a máa ń dájọ́ fún olórin láìbi ògiri léèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ọjọ́ àṣà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀. A háyà gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí Ìyànà-Ìbà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ láti Ọjọ́ títí dé Òkokomáíkò, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n tẹ́ táìsì tó ń dán bíi dígí síbẹ̀. Wọ́n rẹ́ ògiri rẹ̀ títí ó fi ń yọ̀. Àjà rẹ̀ funfun nini, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà nínú rẹ̀. Bí a ti wọlé láti yẹ̀ ẹ́ wò ni alága wa ní, "Ibi tó yẹ ọmọ Oòduà nìyí." Gbogbo wa gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí ó gbọ́ bí ilé náà yóò ti dá a lóhùn.

Ọjọ́ pé. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Ẹni tó bá mọ Ìyànà-Ìbà yóò mọ ohun tí òjò ń dá sílẹ̀ níbẹ̀: omi a dúró sójú títì, dánfó a di góńgó, ọlọ́kadà a sá sábẹ́ ìsọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn tó ń bọ̀ láti Ìgàndó àti láti ọ̀nà Àgbádárìgì a jókòó sínú ọkọ̀ máa wo ojú ara wọn. Nígbà tó fi di aago méjì tí a dá fún àwọn àlejò, bí ọgọ́ta ènìyàn péré ló wà lórí ìjókòó. A ti gbogbo wíńdò pa nítorí òjò. A ní kí ẹgbẹ́ olórin jùjú tí a pè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí a gbọ́ kì í ṣe orin. Gìtá mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá da gaàrí, ẹ̀wà àti ọ̀gì sínú abọ́ kan. Bẹ́ẹ̀sì ń kù rìrì bí ọkọ̀ àjàgbé tó ń gun afárá. Gángan ń sọ̀rọ̀, a kò mọ ohun tó ń wí. A ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n dín in kù. Wọ́n dín in kù, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Onígìtá àgbà wọn, ọkùnrin kan tó tó ẹ̀gbọ́n fún gbogbo wa, ń gbójú sókè wo àjà, ó ń da etí kọ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa falẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìlù. Alága wa fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, "Ó ti mutí yó."

Ní bí aago mẹ́rin, òjò dá. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Nígbà tó fi di aago márùn-ún, wọ́n ti tó ọ̀ọ́dúnrún, ooru mú, a sì ṣí gbogbo wíńdò. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ, orin náà dùn! A gbọ́ gìtá àkọ́kọ́, a gbọ́ èkejì tó ń fèsì, a gbọ́ ẹ̀kẹta tó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Gángan ki olùkọ́ wa kan, olùkọ́ náà sì dìde, ó ń nówó. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ìgbìmọ̀ wa wí? Wọ́n ní, "Ọtí ti dá lójú rẹ̀."

Ní alẹ́, a jókòó láti sanwó. Alága ní kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó tí a jọ sọ, nítorí wákàtí tí wọ́n bà jẹ́. Onígìtá náà bẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, ilé yìí ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi. N kò fi ẹnu kan ọtí lónìí." Alága ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹni tí kò mọ ijó í jó náà ní í sọ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú." A bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ sí ìwé. Ọkùnrin náà gba owó, ó ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun," ó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo padà lọ sí gbọ̀ngàn náà láti kó àwọn aṣọ tí a gbàgbé. Ilé ṣófo, wíńdò wà ní ṣíṣí. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi sórí táìsì, ohùn rẹ̀ kò sì kú. Ó ń sáré láti ògiri dé ògiri. Mo pàtẹ́wọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹ̀rin kí ó tó parẹ́ pátápátá. Ara mi bù máṣọ. Mo rántí bí ọkùnrin náà ti ń wo àjà.

Mo wá ìwé kà lórí ọ̀ràn yìí, mo sì rí i pé ẹjọ́ náà ti pẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Wallace Clement Sabine ni orúkọ rẹ̀. Ní 1895, wọ́n ní kí ó wá wo gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nínú Fogg Art Museum, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan a máa rìn kiri nínú ilé náà fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ààbọ̀ kí ó tó kú. Sabine àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ a máa lọ lóru, wọ́n a kó tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngàn mìíràn wá, wọ́n a tò ó sínú ilé náà, wọ́n a fun fèrè kan, wọ́n a sì ka iye àkókò tí ohùn rẹ̀ fi ń kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n a ti dá tìmùtìmù padà sí ibi tí wọ́n ti kó o. Nínú iṣẹ́ òru yìí ni ó ti rí òfin tí gbogbo ayé ń lò títí di òní, òfin náà ni wọ́n sì fi kọ́ Symphony Hall ní ìlú Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900.

Òfin náà kò le. Bí àyè inú ilé bá ti pọ̀ tó ni ohùn ń pẹ́ tó kí ó tó kú. Bí ohun tó ń gbé ohùn mì bá sì ti pọ̀ tó nínú ilé ni ohùn ń yára kú tó. Wíńdò tó ṣí sílẹ̀ ni Sabine fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ohùn tó bá gba ibẹ̀ jáde kò padà mọ́. Táìsì, ògiri onísìmẹ́ńtì àti dígí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé nǹkan kan mì. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bá kàn wọ́n, bíi mẹ́ta ni wọ́n ń gbà, wọ́n a sì ta ìyókù padà. Aṣọ tó nípọn, fọ́ọ̀mù, tìmùtìmù àti ara ènìyàn ni wọ́n ń gbé e mì.

Mo fi tépù wọn gbọ̀ngàn wa yẹn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 20, ìbú rẹ̀ 12, gíga rẹ̀ 5. Àyè inú rẹ̀ nígbà náà jẹ́ kúbíìkì mítà 1,200. Bí a bá ro ilẹ̀, àjà àti ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ojú wọn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 800, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ 24. Gbogbo wíńdò rẹ̀ tó bí 20. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó wọlé tòun ti aṣọ lọ́rùn rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ bí ìdajì mítà onígun mẹ́rin wíńdò tó ṣí sílẹ̀. Sabine ní kí a mú àyè inú ilé, kí a fi 0.161 sọ ọ́ di púpọ̀, kí a sì fi àpapọ̀ ohun tó ń gbé ohùn mì pín in. Ẹ bá mi ṣe é.

Ní aago méjì, wíńdò wà ní títì, ọgọ́ta ènìyàn ló wà nílé. Ilé ní 24, ènìyàn ní 30, àpapọ̀ 54. Ohùn kọ̀ọ̀kan yóò wà láyé fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ní aago márùn-ún, wíńdò ṣí, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ló wà nílé. Ilé ní 24, wíńdò ní 20, ènìyàn ní 150, àpapọ̀ 194. Ohùn kọ̀ọ̀kan yóò wà láyé fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Ẹ wò ó bí iyàtọ̀ náà ti tó! Gìtá kan náà, ọwọ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Kì í ṣe ọtí ló dá lójú onígìtá. Àwa ni a wọlé, tàwa ti agbádá àti gèlè wa.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 345 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí onígìtá bá dúró sí orí gbọ̀ngàn tó gùn ní mítà 20, ohùn rẹ̀ yóò lọ bá ògiri ẹ̀yìn, yóò sì padà wá bá a lẹ́yìn tí ó ti rin mítà 40. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí gbohùngbohùn bá tètè dé, ká ní kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá, etí ènìyàn a pa á pọ̀ mọ́ ojúlówó ohùn, ohùn náà a sì túbọ̀ nípọn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, etí a gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló tún un ta. Onígìtá tó ń gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ní ṣàìdúró de ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wo òkè. Ó ń wá ẹni tó ń sín in jẹ.

Ṣé gbogbo orin ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́? Rárá o. Orin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ pẹ̀lú dùùrù ńlá kì í kọ̀ ọ́, àwọn kan a tilẹ̀ ní ilé bẹ́ẹ̀ ló ń mú un lọ́lá. Ṣùgbọ́n gìtá tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí Túndé King ń ṣeré jùjú ní Olówógbowó ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, gìtá-bánjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti jùjú ni, nínú pálọ̀ tí aga, aṣọ ìkélé àti ènìyàn kún fọ́fọ́. Ilé bẹ́ẹ̀ kò lè dá ohùn padà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè dé, gángan sì wọ inú jùjú. I. K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Nígbà tí ó fi kan Ebenezer Obey àti Sunny Adé, gìtá ti di púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan. Sunny Adé tilẹ̀ fi gìtá onírin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta ní ìjókòó kún un, ayé sì gbọ́ ọ nínú àwo "Juju Music" tó jáde ní 1982. Níbo ni wọ́n ti ń ta gbogbo gìtá yìí jù? Òde àríyà ni, lójú títì tí a dí, lábẹ́ kánópì, níbi tí kò sí ògiri kankan.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ta á. Kì í ṣe pé gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ ń ta ohun kan náà. Ọ̀kan a sọ gbólóhùn kúkúrú, a dákẹ́. Èkejì a bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ náà, a fèsì. Ẹ̀kẹta a rọra máa hun àárín wọn. Àlàfo tó wà láàárín ohùn ni ẹwà rẹ̀, bí ojú ihò ti jẹ́ ẹwà aṣọ òkè oníhò. Ilé tó bá di gbogbo ojú ihò náà pa ti ba aṣọ jẹ́, bó ti wù kí òwú rẹ̀ dára tó.

Ohun tó tún burú jù nìyí, èyí ló sì kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá. Èdè wa ń gùn, ó ń sọ̀. Igbá, igba, ìgbà, ìgbá, igbà: ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Gángan kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Gìtá àgbà nínú jùjú a máa ṣe bákan náà. A fi òwe sẹ́nu okùn, ẹni tó gbọ́ a mi orí. Bí ènìyàn bá ń sọ bí sílébù márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ohùn kọ̀ọ̀kan sì ń gbé láyé fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ààbọ̀, kí sílébù kan tó kú, ju mẹ́wàá mìíràn lọ ti gùn ún lẹ́yìn. Òkè ti bo ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ti ru òkè. Òwe ti di ariwo. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wá gba gbọ̀ngàn tí Yorùbá kò ti lè sọ̀rọ̀, ó sì fi owó ńlá gbà á!

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ẹgbẹ́ olórin lọ ra sìpíkà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣebí Alábà kò jìnnà sí wa? Ẹni tó bá ti rìn ní ọjà Alábà mọ̀ pé kò sí irú sìpíkà tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ohùn gìtá sókè, ohùn tí ògiri ń dá padà náà yóò gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó ń fi iná lé èéfín ni. Ohun tí wàá rí gbà ni etí dídùn àti ẹjọ́ aládùúgbò, ó sì ti pẹ́ tí àjọ LASEPA ti ń ti ilé ijó àti ilé ìjọsìn pa ní ìpínlẹ̀ Èkó nítorí ariwo.

Àwọn mìíràn a ní kí a lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Mo ti rí èyí nínú yàrá ìdánrawò ju ẹyọ kan lọ. Páálí ẹyin fẹ́lẹ́ jù. Ohùn tó ga fíofío nìkan ló ń gbà díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò lè dí ariwo mọ́nú ilé, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀sì ní nǹkan kan. Okùn tó nípọn jù lára bẹ́ẹ̀sì gìtá ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì ohùn rẹ̀ sì gùn ju mítà mẹ́jọ lọ. Kí ni páálí tí kò nípọn tó bàtà ìwẹ̀ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Èyí tó wá burú jù ni pé iná fẹ́ràn rẹ̀.

Nípa bẹ́ẹ̀sì yìí, ọ̀rọ̀ yàrá kékeré tún yàtọ̀ sí ti gbọ̀ngàn. Àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń dánra wò nínú yàrá kan ṣoṣo ní Òkokomáíkò, tí kò fẹ̀ ju mítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, a máa ṣàkíyèsí pé ohùn bẹ́ẹ̀sì kan a máa bú bí kìnnìún, àwọn yòókù a sì rọ̀. Ohùn tí ìdajì ìgbì rẹ̀ bá ìbú yàrá mu gẹ́lẹ́ ni ògiri méjèèjì ń jọ gbé ṣeré. Ẹni tó dúró ti ògiri a gbọ́ ọ bí ààrá, ẹni tó wà láàárín yàrá a ní òun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì a máa jiyàn, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ǹjẹ́ ìta gbangba ni kí a padà sí? Ìta dára, mo sì fara mọ́ ọn ju ilé onítáìsì lọ, nítorí gìtá a máa mọ́ gaara níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta náà ní tirẹ̀. Bí o bá sún sẹ́yìn sí ìlọ́po méjì ibi tí o wà, agbára ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ a di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni iwájú a di etí, ẹni ẹ̀yìn a máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Kò sí ibi tí kò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ẹ̀tọ́ ibi tí a mú olórin lọ, kí a má sì fi ìyà ibẹ̀ jẹ olórin.

N kò sọ pé kò sí onígìtá tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n wà, wọ́n tilẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹnì kan lẹ́bi, ó yẹ kí a ti gbọ́ ọ ní ibi tó ti ṣeé gbọ́. Àwọn baba wa tó pa òwe ijó mọ̀ pé ilẹ̀ wà tí kò tẹ́jú, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gbá ojú agbo, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kí oníjó tó dé. Àwa kò gbá agbo, a kò tẹ̀ ẹ́, a kàn jókòó, a ń fi oníjó ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí ni ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ ti ọdún yìí. Èkínní, kí ẹ tó sanwó gbọ̀ngàn, ẹ pàtẹ́wọ́ láàárín rẹ̀ kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ohùn fi kú. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ ní òfìfo, ẹ bi onílé bóyá aṣọ ìkélé wà. Èkejì, bí kò bá sí, ẹ yá aṣọ tó nípọn, kí ẹ fi kọ́ ògiri ẹ̀yìn tó kọjú sí olórin, kí ẹ jẹ́ kí ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ògiri, kí ẹ má sì nà án gan, ẹ jẹ́ kí ó ṣẹ́ wálawàla. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ àwọn olórin. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀sì sí kọ̀rọ̀ ilé, nítorí kọ̀rọ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀sì di òkè. Ẹ gbé ẹ̀rọ gìtá lé orí àga, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ etí ènìyàn, kí ẹ má dojú rẹ̀ kọ orúnkún. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ rántí pé ilé òfìfo tí ó fi dán ẹ̀rọ wò kọ́ ni ilé tí yóò bá ní ìrọ̀lẹ́. Bí èrò kò bá tíì pé, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nílẹ̀ sún mọ́ iwájú, kí ẹ sì jẹ́ kí olórin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá kan àti ohùn ẹnu. Ẹ̀karùn-ún, ẹ san owó olórin pé.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń kọ́ gbọ̀ngàn fún yunifásítì àti fún ìlú. Bí ẹ bá lè ná owó sórí táìsì àti iná àjà, ẹ ná díẹ̀ sórí etí. Olùkọ́ tó ń kọ́ ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé tó ń dún gbàgàdà, ọ̀ràn kan náà ló bá a pẹ̀lú onígìtá wa. Mélòó nínú wa ló ti kọ ohun tí kò yéni sínú ìwé ìdánwò, tí ó jẹ́ pé ògiri ẹ̀yìn ló kọ́ wa?

Ní ti owó ọkùnrin náà, mo gbé ọ̀rọ̀ padà lọ síwájú ìgbìmọ̀, mo kó ìṣirò mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti kọjá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dá owó jọ, a sì wá a lọ sí ilé rẹ̀ ní Òkokomáíkò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa la jẹ̀bi. Ilé yẹn ni." Ó ka owó náà, ó fi sápò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, àbúrò." Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo mọ onílé náà dáadáa, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́ kó fi aṣọ kọ́ ògiri ẹ̀yìn, nítorí wọ́n ti tún pe òun síbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Mo ti bá onílé sọ ọ́. Ó ní aṣọ yóò bo ẹwà ògiri òun. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ má sanwó fún ẹwà tó ń di òwe lẹ́nu.